Ọjọ́ Tí Clarisse Kúnlẹ̀ Kí Àwọn Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má bá mi tún un ṣe. Kọ́lápọ̀ ọkọ mi ti ń sọ tirẹ̀ káàkiri ìjọ, ó sì ti yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ nítorí kí ojú má bàa tì mí. Mi ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, èmi ni mo ni ín. Mojọlá lorúkọ mi, mo ń ta táyà àti ṣéènì alùpùpù lọ́jà Bouaké lórílẹ̀-èdè tí Abidjan wà, èmi sì ni ìyá Clarisse.

Mo tún ní iṣẹ́ kejì tí kì í mú kọ́bọ̀ wálé. Lọ́jọ́ Àìkú, bí àwọn ọmọbìnrin Nimbo, àdúgbò wa, bá ń gbá bọ́ọ̀lù, èmi ni mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú àpò pupa kan lẹ́sẹ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo rí bí wọ́n ṣe gbé ọmọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ẹnìkan di apá mú, ẹnìkan di ẹsẹ̀ mú, wọ́n ń sáré gbé e lọ bí àpò iṣu. Inú bí mi débi pé mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ kọ́ ìtọ́jú ẹni tó fara pa fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko lọ́dọ̀ Croix-Rouge, àwọn alágbèélébùú pupa. Láti ìgbà náà làwọn ọmọ ti ń pè mí ní Tantie Secours, Àǹtí Ìrànwọ́. Àwọn ọkùnrin tiwa ń pè mí ní dókítà ọjọ́ Àìkú.

Òfin mi ò pọ̀. Ẹni tó bá ṣubú, ẹ má gbé e. Ẹ má fà á lọ́rùn. Ẹ má da omi lé e lórí, torí pé lójú àwa Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, omi tútù ni oògùn gbogbo nǹkan, látorí ibà dórí egungun tó kán. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè: kí lorúkọ rẹ, ibo la wà, ayò mélòó la ti jẹ. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá gún, a tún lè máa wo ìyókù. Bí kò bá gún, orí ló fara pa nìyẹn.

Clarisse ni aṣọ́lé wọn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ gùn, kò sì bẹ̀rù bọ́ọ̀lù. Ìjà kan ṣoṣo tó wà láàárín èmi àti ẹ̀ ni ìjà èdè. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń fèsì. Bí mo bá ní, “Clarisse, ẹ káàárọ̀ dà?” á ní, “Bonjour maman,” á sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀. Ìdí bọ́ọ̀lù nìkan lorúnkún ọmọ yẹn ti máa ń kan ilẹ̀. Bàbá Yẹ̀kínì, tó jẹ́ àgbà jù lọ nínú gbogbo àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Nimbo, ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀. Ó ní, “Mojọlá, ọmọ tí kò lè kí wa, ta ni yóò sin wá?” Mo bá ọmọ jà, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bá a jà. Ó ní ahọ́n òun ò yí.

Irọ́ ni. Ahọ́n rẹ̀ ti yí rí. Ìyá mi ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo bí i, ó sì dúró tì wá fún ọdún mẹ́fà. Nígbà náà, Clarisse ò mọ̀ pé èdè míì wà láyé. Ọdún 2011, nígbà tí ìbọn ń dún káàkiri ilẹ̀ yìí, ìyá mi ní òun ò ní kú sílùú onílùú. A fi í sínú ọkọ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tó délé tó fi kú, ọ̀nà ò sì ṣeé gbà, n ò sin ín. Fọ́tò rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi. Ohùn rẹ̀ ni mi ò ní, torí kò sẹ́ni tó rò ó pé ká gbà á sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti lọ náà lọmọ ti ń fi Faransé dá mi lóhùn.

Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ ti dé. Eruku funfun rọ̀ sílẹ̀ sórí pápá débi pé ẹni tó bá wà lójú ilé kejì, òjìji rẹ̀ lẹ ó máa rí. Oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn kí ojú má ta á. Kò sóhun tó ń dún dáadáa. Àwọn alùpùpù tó ń gbérò kọjá lójú títì, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n wà nínú yàrá kejì. Àwọn ọmọ Brobo, ìlú kékeré kan nítòsí wa, la ń bá gbá a. Obìnrin kan ti wá láti Abidjan, tó ń wá aṣọ́lé fún ẹgbẹ́ ńlá kan níbẹ̀, Kọ́lápọ̀ sì ti wọ kóòtù tó fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láàárín àwọn àgbà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá fẹ́ ọmọ rẹ̀.

Eré náà ti lé ní ìdajì wákàtí nígbà tí wọ́n ta bọ́ọ̀lù gíga kan síwájú ilé wa. Clarisse fò sí i. Ọmọ Brobo kan náà fò sí i, orúnkún rẹ̀ sì gbá Clarisse ní ẹ̀bátí òsì. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà. Ọmọ mi ṣubú, bọ́ọ̀lù sì wà láyà rẹ̀, kò jù ú sílẹ̀.

Mo sáré. Mo kúnlẹ̀ sí ìdí orí rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú kó má mì. Ẹnìkan ti ń fi eyín já ọ̀rá omi létí mi. Mo ní bó bá fi kán ẹyọ kan sórí ọmọ mi, yóò mọ̀ pé ìyá mi ló bí mi. Ó gbé omi rẹ̀ lọ. Ó tó ìwọ̀n kí èèyàn ka oókan dé ẹẹ́wàá kí Clarisse tó lajú. Mo bi í lórúkọ, ó sọ ọ́. Mo bi í níbi tá a wà, ó ní Nimbo. Ayò mélòó? Ó ní “zéro-zéro.” Ọrùn ò dùn ún, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Faransé ló fi dáhùn gbogbo rẹ̀, ó tiẹ̀ kanra mọ́ mi, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀.

Síbẹ̀ òfin lòfin. Ẹni tó bá gba irú ẹ̀ lórí tó sì dákú, bó ti wù kó kéré tó, kò gbọdọ̀ padà sí pápá lọ́jọ́ náà. Mo ní kí Stéphane tó ń kọ́ wọn yọ ọ́. Stéphane ò janpata, ṣùgbọ́n Kọ́lápọ̀ ti dé.

“Mojọlá, obìnrin Abidjan ń wò ó o.”

“Kó máa wò.”

“Ọdún mẹ́ta lọmọ yìí ti ń retí òní.”

Mo ní kó jẹ́ kó tún retí òmíràn. Clarisse ń sunkún bá a ṣe ń rọra mú un jáde. Mo mú un jókòó tì mí, mo ní kó má sùn, mo sì ń wo aago. Títí dé ibẹ̀ yẹn, mi ò ṣàṣìṣe kankan. Ẹ lè bi Croix-Rouge.

Nígbà tó yá, ẹkún rẹ̀ dá. Ó ń wo inú eruku náà bí ẹni ń wo ojú ọ̀nà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tò wọ́n sórí ara wọn, ó dìde. Mo rò pé ilé ìyàgbẹ́ ló ń lọ. Ó rìn jẹ́jẹ́ lọ bá àwọn àgbà lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ kú ọyẹ́. Ara ò le bí? Àwọn ará ilé ńkọ́?”

Kì í ṣe Yorùbá tí àwọn ọmọ wa ń fi Faransé tì lẹ́yìn ló ń sọ. Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ gidi ni, ó já geere, kò sì kánjú. Bàbá Yẹ̀kínì ṣí fìlà. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúre, ó ní, “Àṣé orí ọmọ yìí pé. Àṣé ó ń gbọ́ wa látọjọ́ yìí.” Kọ́lápọ̀ bú sẹ́kún ayọ̀ nínú kóòtù rẹ̀. Àwọn yòókù ń ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó rántí bọ́ọ̀lù mọ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Ó yẹ kí n dìde. Ọmọ tó gbá orí mọ́ orúnkún ní ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn, tí ìwà rẹ̀ wá yí padà lójijì, nǹkan kan ṣoṣo ni ìwé wa ní ká ṣe, ká sáré. Mo mọ̀ ọ́n lórí. Ká ní Baoulé ni wá bí àwọn onílẹ̀ ibí, ká ní ọmọ náà ti ń kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni n bá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Anago tó kúnlẹ̀ kí àgbà, ta ni yóò pe ìyẹn ní àìsàn? Mo dìde lóòótọ́. Ibi tí mo lọ ni iwájú rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń gbọ́.

Ohùn ìyá mi ni. Mi ò sọ pé ó jọ ọ́. Bí ìyá mi ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ sókè díẹ̀, bó ṣe máa ń mí kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Clarisse yíjú sí mi.

“Àṣàkẹ́,” ó ní.

Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù, Mojọlá ni wọ́n mọ̀.

“Àṣàkẹ́, oòrùn ti ń wọ̀. Ẹ̀gẹ́ tí mo sá sórí àpáta ti gbẹ. Lọ bá mi kó o wọlé.”

“Mò ń bọ̀, ìyá mi.” Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi.

Eruku náà bò wá, ó fi wá sínú yàrá kan. Mo rí àpáta náà lẹ́yìn ilé wa, mo rí i bó ṣe máa ń gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́ òórùn láfún tútù. Ọmọ náà ń bá a lọ, ó ń dárúkọ àwọn èèyàn tí kò rí rí, ó ní kí n kí wọn, ó ní kí n ṣọ́ra fún ewúrẹ́ ará ilé kejì. Mo sún mọ́ ọn. Ohun tó ti wà lọ́kàn mi fún ọdún mẹ́tàlá, mo bi í léèrè.

“Ìyá mi, ṣé ẹ̀ ń bínú pé mi ò wá sin yín?”

“Ẹ̀gẹ́ ti gbẹ,” ó ní. Nígbà tó yá ó ní, “Ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀nà jìn. Jẹ́ kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ oorun yẹn ló jí mi. Ẹni tó fi orí gbá nǹkan kì í sùn níṣojú mi. Mo fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀, mo yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, níbẹ̀ ló sì wà. Ọmọlójú apá ọ̀tún kéré. Ti apá òsì là, ó dúdú, kò sì mira nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bà á. Lẹ́yìn náà ó bì, ó bì sára aṣọ mi. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ.

Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo di orí rẹ̀ mú, mo kígbe pe Stéphane kó pe àwọn panápaná, àwọn ló ń gbé ẹni tó fara pa lọ sọ́sibítù níbí. Bàbá Yẹ̀kínì di èjìká mi mú. Ó ní, “Rọra, Mojọlá. Má dá a lẹ́nu. Ìyá rẹ ló ń bá wa sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì parí.” Kọ́lápọ̀ náà ní ká fún un lómi mu ná, kí ara rẹ̀ tù. Ọmọ náà sì ṣì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, jẹ́jẹ́, “Àṣàkẹ́, Àṣàkẹ́.”

Mo bínú. Sí wọn, sí ara mi, sí gbogbo rẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú,” mo ní. “Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ yìí ń wọ́ lójú gbogbo wa, à ń ṣe àmín. Èyí kì í ṣe ìyá mi. Ẹ̀jẹ̀ ló ń kún inú orí ọmọ mi.”

Mo wá tẹ̀ síwájú, mo sì sọ ohun tí mi ò rò pé n lè sọ láyé. Mo fi ẹnu kan etí rẹ̀. “Ìyá mi,” mo ní, “ẹ dákẹ́.”

Stéphane ní àwọn panápaná ti lọ síbi ìjàǹbá kan lọ́nà Languibonou, ká dúró. Dídúró wo? Àwọn alálùpùpù méjì ti ń tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn Clarisse lórí alùpùpù kó dì í mú. Mo lé wọn. Nourou, aládùúgbò wa tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé iṣu, wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú pápá. A yọ pákó orí bẹ́ǹṣì àwọn àgbà, èèyàn márùn-ún gbé ọmọ náà sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí mo ṣe ń kà á fún wọn, èmi níbi orí. Bàbá Yẹ̀kínì bọ́ agbádá ọrùn rẹ̀, ó ká a, ó fi ti orí ọmọ náà lọ́tùn-ún àti lósì kó má yí.  

Nourou rọra wà á. Mo kúnlẹ̀ sídìí pákó náà lẹ́yìn ọkọ̀, orí ọmọ mi wà láàárín ọwọ́ mi, àwọn ilé ń yọ látinú eruku lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún ń wọ inú rẹ̀ padà. Ohùn náà ti kéré. Ó ṣì ń sọ nǹkan kan nípa òjò. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe wù mí tó pé kí n tẹ́tí sí i. Dípò ìyẹn, mò ń pe ọmọ náà lórúkọ, mò ń sọ fún un pé, “Clarisse, parle-moi français.” Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́tàlá bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ Yorùbá, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ Faransé, torí pé inú Faransé ni Clarisse tèmi ń gbé, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó padà sí. Kò dáhùn. Kí a tó dé ọsibítù, ó ti dákẹ́ pátápátá.

Wọ́n ya fọ́tò orí rẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dúró sáàárín egungun orí àti ọpọlọ, àfi kí wọ́n ṣí i kíákíá. Ó bi mí pé nígbà wo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yí padà. Kọ́lápọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi. Mo sọ ìgbà náà gan-an, mo sì sọ pé mo jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó ṣe nǹkan kan. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Kò bú mi, kò sì ní ó tọ́. Ó ní ká jókòó síta.

Ọjọ́ kẹta ni Clarisse tó lajú. Wọ́n ti fá orí rẹ̀, wọ́n fi báńdéèjì wé e, ojú rẹ̀ wú. Ọmọlójú méjèèjì ti dọ́gba. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú rẹ̀. Mi ò lè pa á mọ́ra, mo rọra ní, “Ẹ káàárọ̀ dà?”

Ó dijú, ó tún là á. “Maman, doucement,” ó ní. Ó ní kí n rọra, orí ń fọ́ òun, òùngbẹ sì ń gbẹ òun. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá wọ́n gbá a wọlé òun. Faransé ni gbogbo rẹ̀. Mo bi í ní ohun tó rántí. Ó ní orúnkún kan tó ń bọ̀, kò sí òmíràn. Mo sọ fún un pé ó bá mi sọ̀rọ̀ bí ìyá mi. Ó ń wá a nínú ara rẹ̀, mo rí i pé ó ń wá a lóòótọ́. Ó ní ó dun òun, òun ò rántí bí ohùn Mémé, ìyá àgbà, ṣe rí rárá.

Mo fi ṣíbí fún un lómi. Mo sọ fún un ní Faransé pé kò sẹ́ni tó gbá a wọlé rẹ̀, ó di bọ́ọ̀lù náà mú. Mo wá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì sun ẹkún ìyá mi, gbogbo èyí tí mi ò sun lọ́dún 2011, títí nọ́ọ̀sì fi wá gbé àga fún mi. Mi ò tíì ṣe tán nígbà tí mo gbọ́ ọ tó ń pè mí láti inú yàrá, “Maman.” Mo nu ojú mi, mo sì wọlé lọ bá a.